Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọmọ Tí Ọ̀rọ̀ Sísọ Nira Fún

Ọ̀rọ̀ mi jẹ mọ́ àwọn ọmọ wa tí ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú wọn ṣùgbọ́n tí kò rí ọ̀nà jáde, àti bí a ti ń fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn olùkọ́ láti ràn wọ́n lọ́wọ́.

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọkùnrin kan ń bẹ ní kíláàsì wa tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara. Bí olùkọ́ bá bi í ní ìbéèrè, ètè rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, kò ní lè dáhùn. Olùkọ́ sọ pé olódo ni, ó sì lé e sí ẹ̀yìn kíláàsì. Àwa ọmọdé sọ ọ́ ní "Odi." Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọjà, ọmọ yìí kan náà ni ó máa ń bá ìyá rẹ̀ ka owó, n kò sì gbọ́ pé ó ṣì í kà rí. Kí ọdún tó parí, ó ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. N kò ní sọ pé ìkà ni olùkọ́ wa. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ni kò mọ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀ràn yìí gbé wà. Ní ọdún 2008, ìwé ìwádìí kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ àkóso Ọ̀gbẹ́ni John Bercow, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin ibẹ̀ nígbà náà. Ó fi hàn pé nínú àwọn ọmọ ọdún márùn-ún tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún 2007, bí 7 nínú 100 ni ó ní ìṣòro ńlá nínú ọ̀rọ̀ sísọ tàbí òye ọ̀rọ̀. Iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40,000. Bí ọmọ 30 bá wà ní kíláàsì, bí méjì nìyẹn. Ní ọdún kan náà, ìjọba ilẹ̀ náà gbé ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà kalẹ̀ fún àwọn olùkọ́ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀ràn yìí sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti rí? Olùkọ́ yóò jókòó ti ẹ̀rọ ní àkókò tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Yóò wo fíìmù olùkọ́ mìíràn láàrin àwọn ọmọ, ẹ̀rọ yóò sì bi í ní ìbéèrè. Bí ohun kan kò bá yé e, yóò dá a padà, yóò tún un wò, láìsí ẹni tí yóò fi í ṣẹ̀sín. Ní ọjọ́ kejì, yóò dán an wò ní kíláàsì tirẹ̀.

Ohun tí a ń kọ́ wọn kò le. Èkíní, kí olùkọ́ kọjú sí ọmọ, kí ó lo gbólóhùn kúkúrú, kí ó sì máa pa àṣẹ kan lẹ́ẹ̀kan. Èkejì, lẹ́yìn ìbéèrè, kí ó dákẹ́, kí ó ka ení títí dé ẹ̀wá nínú ara rẹ̀. Nítorí ìdáhùn ọ̀pọ̀ ọmọ ń bọ̀ lọ́nà nígbà tí a bá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn. Ẹ̀kẹta, kí ó fi àmì ọwọ́ àti àwòrán kún ọ̀rọ̀ ẹnu: àwòrán omi, ti oúnjẹ, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ti ìrora, kí ọmọ lè tọ́ka sí èyí tí ó fẹ́ wí.

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé ọmọ tí ó bá mọ àwòrán lò kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ìbẹ̀rù náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà yẹ àwọn ìwádìí tí ó ti wà nílẹ̀ wò. Nínú ènìyàn 27 tí ẹ̀rí tiwọn dájú jùlọ, kò sí ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dín kù. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ọ̀rọ̀ wọn pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Yorùbá tí a ń sọ nílé ni ó ń fa ìṣòro yìí.

Òtítọ́ ni pé kọ̀ǹpútà kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Níbi tí kò bá sí iná mànàmáná, àpótí lásán ni. Ó ṣì yẹ kí ọmọ rí ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ. Ṣùgbọ́n a kò bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ní ọdún 1960 ni Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ àkànṣe sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tí ó ka yíya abirùn sọ́tọ̀ léèwọ̀, tí ó sì fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ẹ̀kọ́ gíga sẹ́kọ́ńdírì.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ìyẹ̀wù. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹ sọ fún olùkọ́ rẹ̀ ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe nílé. Ẹ̀yin olùkọ́, bí kọ̀ǹpútà kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ yín, ìwé pàlábà àti ìdá ẹyín ti tó láti ya àwòrán, sùúrù kò sì béèrè iná mànàmáná. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ọ̀nà ẹnu bá dí mọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kí a la òmíràn fún un.