Ibi Tí Ilé Ijó Oníhòòhò Yóò Wà: Ẹ̀rí Wo Ni Àdúgbò Ní Lọ́wọ́?

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ilé ijó oníhòòhò, sinimá oníhòòhò àti ṣọ́ọ̀bù tó ń ta irú ẹrù bẹ́ẹ̀: ta ló láṣẹ láti sọ ibi tí wọ́n máa wà? N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìtumọ̀. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń tà. Ẹ sì mọ̀ pé ìlú ní Amẹ́ríkà máa ń pín ilẹ̀ nípa òfin, ibí fún ilé gbígbé, ọ̀hún fún ọjà, ibòmíràn fún iléeṣẹ́. Houston wa yìí kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní 1948, ní 1962 àti ní 1993, àwọn olùdìbò kọ̀ ọ́. Màá padà síbẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ìlú mìíràn gbà. Detroit fọ́n irú òwò yìí ká: òfin rẹ̀ ti 1972 kò jẹ́ kí wọ́n ṣù jọ sójú kan, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1976. Boston kó tirẹ̀ jọ ní 1974 sí apá kan òpópónà Washington tí wọ́n ń pè ní Combat Zone.

Ṣùgbọ́n Renton ni kí a jókòó tì. Ìlú kékeré ni, ní gúúsù Seattle. Ní 1981, ìgbìmọ̀ ìlú ṣòfin pé sinimá oníhòòhò kò gbọdọ̀ sún mọ́ ilé gbígbé, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọgbà ìtura tó ẹsẹ̀ bàtà 1,000. Ti ilé-ìwé tilẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́ máìlì kan kí wọ́n tó dín in kù. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣòfin yìí, kò sí ẹyọ kan irú sinimá bẹ́ẹ̀ nílùú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, oníṣòwò kan gba ilé sinimá méjì láàárín ìgboro, ó sì pe ìlú lẹ́jọ́. Ní 1986, adájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá Renton láre. Adájọ́ William Rehnquist, tó kọ ìdájọ́ náà, ní fíìmù fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìlú ń bá jà, ohun tí sinimá náà ń fà sí àdúgbò ni: ìwà ọ̀daràn, owó ilé tó ń já wálẹ̀, ìgboro tó ń bàjẹ́. Ó ní ilẹ̀ tí òfin ṣẹ́ kù fún wọn tó éékà 520, ó lé ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ilẹ̀ ìlú. Àwọn oníṣòwò fèsì pé ẹlòmíràn ti ń lo apá kan nínú rẹ̀, pé ìyókù kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí fún títà. Ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n lọ wá ilẹ̀ bí gbogbo oníṣòwò ṣe ń wá a.

Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti ń jiyàn lórí ìdájọ́ yìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní awúrúju lásán ni, pé ìwà mímọ́ ni ìlú ń wá, tó fi owó ilé bojú. N kò gbà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gba iwájú ilé ijó lọ sílé-ìwé ní àárọ̀, tó ń bá àfọ́kù ìgò pàdé, kò fi nǹkan kan bojú. Àwọn mìíràn sì ń yọ̀ pé ilé-ẹjọ́ ti fún àdúgbò ní gbogbo agbára. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí, tó dun Adájọ́ Brennan tó kọ̀ jálẹ̀ pẹ̀lú Adájọ́ Marshall, ni pé Renton kò ṣèwádìí ara rẹ̀. Ẹ̀rí Seattle ló yá lò, ilé-ẹjọ́ sì ní ó tó. Kò tó! Ìlú tó bá fẹ́ lé òwò ẹni kan kúrò nítòsí gbọ́dọ̀ mọ àdúgbò ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ibí ni mo ti fẹ́ bá yín wí díẹ̀. Mo ti jókòó sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú tí àwọn èèyàn wa kún inú rẹ̀, tí wọ́n ń ka ẹsẹ Bíbélì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìgbìmọ̀ gbọ́ wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì dìbò lòdì sí wọn. Kò sí ẹni tó mú àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá wá. Kò sí ẹni tó ya fọ́tò ibi tí mọ́tò ń dí ọ̀nà lóru, tàbí tó bi àwọn oníṣọ́ọ̀bù nítòsí bí ọjà ṣe ń tà. Èyí ni iṣẹ́, ó sì ń gba oṣù púpọ̀. A kì í bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ìpàdé kù sí ọ̀la.

Ní kúkúrú, ibi tí wọ́n bá lé irú òwò yìí sí ńkọ́? Ẹ̀bá iléeṣẹ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà, níbi tí owó ilé ti rẹlẹ̀, táwọn tálákà sì ń gbé. Wọ́n ní ọmọ pẹ̀lú.

Ní ti Houston, bí kò tilẹ̀ ní òfin pípín ilẹ̀, òfin 1997 sọ ẹsẹ̀ bàtà 750 tí irú òwò yìí gbọ́dọ̀ fi jìnnà di 1,500 sí ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìtọ́jú ọmọdé. Ìjọ tó ń yá ṣọ́ọ̀bù ṣe ìsìn, ẹ wo àwọn òwò tó wà nítòsí kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ lọ́yà yín ta ló kọ́kọ́ débẹ̀ lójú òfin.