Ohun tí A Bèèrè Lọ́wọ́ Ẹ̀rọ



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dàbí ọ̀rọ̀ òkèèrè létí ẹlòmíràn, nítorí ó kan kọ̀ǹpútà àti àwọn ètò tí ń darí rẹ̀, èyí tí a ń pè ní sọ́fítíwíà. Ṣùgbọ́n àwa gbàgbọ́ pé kò sí ibi tí ó yẹ kí a ti sọ ọ́ ju ilẹ̀ yìí lọ, láti Ìṣẹ́yìn títí dé Ṣakí. Ohun méjì tí ọ̀rọ̀ náà dúró lé kì í ṣe àjèjì sí wa: èkíní ni iṣẹ́ ahunṣọ, èkejì sì ni iṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí kan tí ó wá ọ̀nà láti kọ èdè wa sílẹ̀. Ìbéèrè wa sì ni èyí: nígbà tí a bá fẹ́ ṣe ohun tuntun fún ènìyàn, ta ni ó mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní ìdí òfì. Oníbàárà dé, ó ní òun fẹ́ aṣọ ìgbéyàwó. Ó lè sọ ọjọ́ tí ó ń fẹ́ ẹ, ó lè sọ iye tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè sọ pé ẹtù ni òun ń fẹ́. Ahunṣọ tí kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò hun ẹtù fún un. Ṣùgbọ́n ahunṣọ tí ó mòye yóò bi í pé: Ṣé nínú oòrùn ni ẹ óò ti jókòó? Ṣé ìdílé méjèèjì ni yóò wọ̀ ọ́? Kí ni ẹ fẹ́ kí àwọn ènìyàn rántí bí wọ́n bá rí aṣọ náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá? Lẹ́yìn èyí ni yóò fa òwú méjì mẹ́ta yọ, tí yóò gbé wọn lé ara wọn, tí oníbàárà yóò sì kígbe pé, “Èyí gan-an ni mo ń fẹ́!” Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí ó kúrò ní ilé rẹ̀, kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè wà. Nítorí náà, ohun tí ènìyàn ń fẹ́ kì í ṣe òkúta tí ó wà nílẹ̀ tí a óò kàn ṣà. A ní láti wá a, àti pé ní ìgbà púpọ̀, a ní láti dá a.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Neil Maiden, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì City ní Lọ́ńdọ̀nù, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe sọ́fítíwíà rò pé iṣẹ́ àwọn kò ju pé kí àwọn bi ẹni tí yóò lò ó léèrè, kí àwọn kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Maiden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Alexis Gizikis àti Suzanne Robertson wà lára wọn, sọ pé èyí kò tó, nítorí kò sí ẹni tí ó lè bèèrè ohun tí kò tíì wá sí ọkàn rẹ̀ rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí wọ́n pe àpérò lórí ẹ̀rọ tí yóò ran àwọn tí ń darí ọkọ̀ òfurufú ní Yúróòpù lọ́wọ́, kí ọkọ̀ kan má baà súnmọ́ èkejì jù. Wọn kò pe àwọn onímọ̀ ọkọ̀ nìkan. Wọ́n pe oníṣẹ́ ọnà mìíràn pẹ̀lú, títí kan ẹni tí ó mọ̀ nípa aṣọ ilẹ̀ Íńdíà, kí àwọn ènìyàn wọ̀nyí lè ṣí ojú àwọn olùdarí ọkọ̀ sí ọ̀nà tí wọn kò rò rí. Ẹ kíyè sí i: nígbà tí àwọn ọlọ́gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ń wá ìmọ̀ nípa ojú ọ̀run, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ aṣọ ni wọ́n yà sí.

Wọ́n gbé ìlànà wọn lé orí ẹ̀kọ́ Margaret Boden, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ọgbọ́n àtinúdá jáde ní 1990. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín in sí. Èkíní ni kí a da ohun méjì tí a ti mọ̀ pọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ahunṣọ wa ti da òwú dídán tí ó ti òkèèrè wá pọ̀ mọ́ òwú tí a mọ̀. Èkejì ni kí a rin gbogbo ààlà òfin tí a bá nílẹ̀: òfì kan náà ni, ìbú aṣọ kan náà ni, síbẹ̀ ọnà tí ó lè ti inú rẹ̀ jáde kò lópin. Ẹ̀kẹta, tí ó ṣòro jù, ni kí a yí òfin náà fúnra rẹ̀ padà. Àwọn baba wa gbà pé aṣọ òkè tí ó níyì ní láti wúwo. Nígbà tí ẹnìkan bèèrè ìdí rẹ̀, aṣọ òkè fúyẹ́, ó sì dé ibi tí kò dé tẹ́lẹ̀.

Nísisìyí ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ ilẹ̀ wa tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ní nǹkan bí 1809 ni a bí Àjàyí ní Òṣoògùn, ní agbègbè Ìṣẹ́yìn yìí. Ní 1821 ogun kó o. A tà á, a sì tún un tà, títí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á sílẹ̀ lórí òkun ní 1822, tí wọ́n sì mú un lọ sí Sàró. Òun ni ó di Samuel Àjàyí Crowther, tí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, tí a sì fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ ẹni tí ń ṣe sọ́fítíwíà: ó ní láti mọ ohun tí èdè yìí ń bèèrè lọ́wọ́ lẹ́tà. Ó jókòó ti àwọn àgbà, ó tẹ́tí sí bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́tà Róòmù kò tó fún ohun tí ó gbọ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àmì sí abẹ́ e, o, àti s. Wọ́n sì fi àmì ohùn sí orí lẹ́tà. Ní 1875 àpérò kan ní Èkó fi ìdí ọ̀nà ìkọ̀wé yìí múlẹ̀, ní 1884 sì ni odindi Bíbélì Yorùbá parí. Àmì kékeré tí ó wà ní abẹ́ ọ yìí, àtinúdá ni. Kò sí àgbà kankan tí ó bèèrè fún un, síbẹ̀ gbogbo wa ni ó ń sìn.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà dé? Àwọn tí ó ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ ro èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Nígbà tí ó ṣe, a dá ètò Unicode sílẹ̀, tí ìwé rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní 1991, kí gbogbo lẹ́tà ayé lè ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nínú rẹ̀, ẹ àti ọ ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n àárín àwọn lẹ́tà tí a tò fún èdè Vietnam ni wọ́n wà. Àwọn ará Vietnam rí nọ́ńbà kan ṣoṣo gbà fún lẹ́tà bí ệ, tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ́ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀ gbà: ẹ̀rọ ní láti mú lẹ́tà kan, kí ó sì so àmì mìíràn mọ́ ọn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan náà lè wà nínú ẹ̀rọ ní ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta tí ojú ènìyàn kò lè yà sọ́tọ̀; bí ẹni tí ó ṣe ètò náà kò bá ronú kan èyí, a óò wá ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ gedegbe, ẹ̀rọ yóò sì ní òun kò rí i.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, “Kí ni àmì wà fún? A ṣáà ń ka ọ̀rọ̀ láìsí àmì, ó sì ń yé wa.” Òótọ́ ni pé ó ń yé ẹni tí ó ti gbọ́ èdè náà láti inú ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo igba, igbá, àti ìgbà: ọ̀kan jẹ́ iye, ọ̀kan jẹ́ ohun èlò, ọ̀kan jẹ́ àkókò. Ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò bá ka ìwé sókè fún àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé ní Ṣakí, kí ni yóò pè fún un? Bí a bá mú àmì kúrò, kì í ṣe ẹwà ìwé ni a mú kúrò bí kò ṣe ìtumọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan kò jókòó tẹtẹrẹ. Ní Ìbàdàn, Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní African Languages Technology Initiative ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí ẹ̀rọ lè gba èdè wa, ní kíkọ àti ní sísọ. Ní 2016 Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé YorubaName jáde, níbi tí àwọn ènìyàn fúnra wọn ti ń mú orúkọ àti ìtumọ̀ rẹ̀ wá. Wọ́n sì fi ètò ìtẹ̀wé Yorùbá fún ẹnikẹ́ni láìgba owó. Ẹ rí i pé wọn kò dúró kí ẹlòmíràn bèèrè fún wọn.

Nítorí náà a fẹ́ gba yín ní ìmọ̀ràn mẹ́ta. Èkíní, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò lò ó, kí wọ́n jókòó tì í bí Àjàyí ti jókòó ti àwọn àgbà. Èkejì, kí wọ́n pe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jìnnà sí tiwọn. Ẹni tí ń lu dùndún mọ ohùn Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé lọ, nítorí ohùn nìkan ni ìlù rẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀. Kí ni ìdí tí kò fi yẹ kí ó wà níbi tí a ti ń kọ́ ẹ̀rọ láti sọ Yorùbá? Ẹ̀kẹta, kí àwa tí a kò mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá. Ẹni tí ń ṣe ẹ̀rọ kò lè fi ohun tí kò gbọ́ sínú rẹ̀. Bí a bá dákẹ́, yóò méfò; bí ó bá sì méfò, àwọn ọmọ wa ni yóò máa lo ohun tí ó méfò náà.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ni ó ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí, ẹnu tí ó dákẹ́ ni yóò kó bá wa. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí a ń fẹ́. Bí a kò bá sì tíì mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí a jọ wá a.