Odò Ògùnpa àti Ojúṣe Wa



Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò gbọ́ ìròyìn 31 Oṣù Kẹjọ, 1980. Ní ọjọ́ Ìsinmi náà, Ògùnpa kún àkúnya. Ó gbé ilé, ó gbé ọjà, ó sì gbé ènìyàn tí ó ju 100 lọ. Lẹ́yìn náà ni ìjọba gbẹ́ ojú odò náà fẹ̀, tí wọ́n sì fi kọnkéré mọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ní 26 Oṣù Kẹjọ, 2011, àkúnya tún pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ ní ìlú wa.

Orí òkè ni a tẹ Ìbàdàn dó. Omi orí páànù gbogbo, àfonífojì ni í wọ́ sí. Bí a bá kọ́lé sí etí odò, tí a sì da pàǹtí dí i, ibo ni kí omi gbà?

Ẹ má jẹ́ kí a di ẹ̀bi yìí ru ìjọba nìkan. Ta ni ó ta ilẹ̀ etí odò? Àwa olórí ẹbí ni. Ta ni ó da pàǹtí? Àwa baálé ilé ni. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà lọ́wọ́ omi, omi yóò gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa olùkọ́ yóò kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àgbà ni ọmọ ń wò.