Ibi tí Ìbùkún Ń Sọ̀ Sí

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn aláyẹ̀wò ìwé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Alímọ̀ṣọ́ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún wọn

 

Àwọn tí ó pè mí ní kí n má sọ̀rọ̀ ìwé owó lónìí. Wọ́n ní kí n fi Ìwé Mímọ́ gbà wá níyànjú lórí ìbùkún, ìjọsìn àti ìrẹ́pọ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má bínú bí ìwé owó bá yọjú sí ọ̀rọ̀ mi, nítorí iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe lójoojúmọ́ kì í fi í sílẹ̀ bí ó bá ṣí Bíbélì. Mo sì mọ̀ pé gbogbo wa kọ́ ni Kristẹni. Mùsùlùmí pọ̀ láàárín wa, àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ náà wà níbí. Èyí tí mo mọ̀ ni mo lè sọ. Kí olúkúlùkù mú èyí tí ó bá tirẹ̀ mu.

Ohun tí ó mú mi yan ọ̀rọ̀ yìí ni pé nínú àwọn ìwé tí ó ń dé ọ́fíìsì wa, èyí tí ó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni ìwé ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ pín sí méjì. Ìdí tí wọ́n máa ń kọ sínú ìwé ni pé àwọn tí ń jọ́sìn pọ̀ fẹ́ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìwé owó wọn wò, ohun mìíràn ni a máa ń bá níbẹ̀: ẹ̀yáwó tí a kò san, onídùúró tí owó rẹ̀ há, àti ìròyìn ìṣirò tí kò dé etí àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn. Ìdí gbèsè ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, ó kàn wọ aṣọ ẹ̀sìn jáde ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo Orin Dáfídì 133, tí a fẹ́ràn láti máa kà níbi ìpàdé. Ẹsẹ 3 péré ni. Ó wà nínú àwọn orin 15, láti 120 dé 134, tí a ń pè ní orin ìgòkè. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àwọn èrò tí ń gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù fún ọdún ni ó máa ń kọ wọ́n lójú ọ̀nà. Ẹ rò ó wò: ará abúlé yìí pẹ̀lú ará abúlé ọ̀hún, olówó pẹ̀lú tálákà, gbogbo wọn lójú ọ̀nà kan ṣoṣo. Orin ọ̀nà ni, kì í ṣe orin àwọn tí ó ti ń gbé inú ilé kan náà láti ìgbà èwe.

Ohun 2 ni orin náà fi ìrẹ́pọ̀ wé. Èkíní ni òróró tí a dà sí Áárónì lórí. Òróró yìí kò dúró sí orí. Ó ṣàn dé irùngbọ̀n, ó sì ṣàn dé etí aṣọ rẹ̀. Èmi tí mo ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò kì í lè ka ibẹ̀ yẹn kọjá. Orí ni ìgbìmọ̀ wa. Bí a bá yan ènìyàn sí ipò, orí ni a da òróró sí, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ẹ̀yáwó ńlá kì í kọjá ọwọ́ ìgbìmọ̀, tí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà kò mọ iye èrè ọdún, òróró tirẹ̀ dì sí orí ni. Kò dé etí aṣọ. A kò gbọdọ̀ pe irú èyí ní ìrẹ́pọ̀, kódà bí gbogbo wa bá wọ ankárá kan náà.

Èkejì ni ìrì òkè Hámónì. Òkè yìí wà ní ìhà àríwá, ó ga ju mítà 2,800 lọ, yìnyín sì máa ń bo orí rẹ̀. Síónì ní tirẹ̀ wà ní Jerúsálẹ́mù, lọ́nà jíjìn sí ìhà gúúsù. Ní ilẹ̀ yẹn, oṣù púpọ̀ ń kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òjò kì í rọ̀ rárá, ìrì ni ewéko ń mu. Orin náà wá ń sọ bí ẹni pé ìrì òkè tí ó ní omi púpọ̀ ń sẹ̀ sí orí òkè tí kò ní. Ẹni tí ọjà ń tà fún lónìí ń fi owó pamọ́, kí ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ jóná lè rí owó yá. Lọ́dún tí ń bọ̀, ó lè jẹ́ ìdàkejì. Kí ni a ń pè ní àjẹṣẹ́kù bí kò ṣe èyí?

Níparí, orin náà ní ibẹ̀ ni Olúwa ti pàṣẹ ìbùkún. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, “ibẹ̀,” ni kí ẹ bá mi gbé lọ sílé. Ìbùkún ní ibi tí ó ń sọ̀ sí. Ibi tí àwọn ará bá ti ń gbé ní ìrẹ́pọ̀ ni a rán an sí. Àwa a máa gbàdúrà pé kí ìbùkún wá bá wa níbikíbi tí a bá wà, nínú ìjà, nínú àrankan, nínú ìwé ayédèrú. Orin náà kò ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún wa. Bí a bá kúrò níbẹ̀, a ti ṣí kúrò ní ojúlé tí a kọ sára ẹrù náà nìyẹn.

Ìjọsìn ńkọ́? Ní Mátíù orí 5, Jésù ka àwọn tí í ṣe alábùkún-fún lọ́kọ̀ọ̀kan, Ó sì fi àwọn tí ń parí ìjà sí àárín wọn. Nínú orí kan náà, ní ẹsẹ 23 àti 24, Ó ní bí ènìyàn bá ti mú ọrẹ dé ibi pẹpẹ, tí ó sì rántí pé arákùnrin òun ní ohun kan sí òun nínú, kí ó fi ọrẹ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ bá a làjà, kí ó tó padà wá rú u. Ẹ fi etí sí i dáadáa. Kò sọ pé bí ìwọ bá ń bínú sí ẹnìkan. Ó ní bí ẹlòmíràn bá ní ohun kan sí ọ. Ẹni tí ó jẹ gbèsè ni a rán níṣẹ́ ìrìn, kì í ṣe ẹni tí a jẹ.

Mo mọ ẹgbẹ́ kan ní agbègbè wa yìí, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ kan yá 600,000 náírà láti fi parí ilé rẹ̀. Ẹni 2 ni ó ṣe onídùúró fún un. Ó san díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku 380,000, ó wá dákẹ́. Gẹ́gẹ́ bí òfin ẹgbẹ́ wọn, akápò di 190,000 mú nínú owó ìfowópamọ́ onídùúró kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá tí ń ta èlùbọ́, ìjọ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó yá owó, owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ni ó sì ń kó jọ. Kò pẹ́ tí ẹni tí ó jẹ gbèsè fi ṣí ilé. Ó dá aṣọ, ó pe onílù, ó lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Iwájú ìsọ̀ ìyá eléèlùbọ́ ni ìlù ìdúpẹ́ gbà kọjá.

Ìwé owó ti gbọ́ ìjà náà kí etí tó gbọ́ ọ. Oṣù yẹn ni ìyá náà kò mú owó wá mọ́. Nígbà tí oṣù 5 fi pé, 11 nínú ọmọ ẹgbẹ́ 46 ni kò fi kọ́bọ̀ pamọ́ mọ́, gbogbo wọn sì jẹ́ ará ìjọ ìyá yìí. Wọ́n kọ̀wé pé àwọn fẹ́ lọ dá tiwọn sílẹ̀. Àgbà kan nínú ìjọ ẹni tí ó yá owó, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ni ó lọ bá a nílé lálẹ́ ọjọ́ kan, tí ó ṣí Mátíù orí 5 yìí fún un. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí ìsọ̀ ìyá náà. Ó kó 100,000 sílẹ̀, ó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò máa san 40,000 lóṣù fún oṣù 7. Ó san án tán. Ẹgbẹ́ náà kò pín mọ́, ṣùgbọ́n ẹni 3 nínú àwọn 11 kò padà wá. Ọgbẹ́ a máa jinná, àpá rẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìrẹ́pọ̀ ni kí a máa pa ẹnu mọ́. Ní Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 6, ìkùnsínú bẹ́ sílẹ̀ nínú ìjọ àkọ́kọ́ pé nígbà ìpín ojoojúmọ́, a kò ka àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríìkì sí. Àwọn àpósítélì kò sọ pé ọ̀tá ni ó ń lo àwọn tí ń kùn. Wọ́n pe gbogbo ìjọ, wọ́n ní kí wọ́n yan ọkùnrin 7 tí a jẹ́rìí sí láti bójú tó ìpín náà. Orúkọ Gíríìkì ni àwọn méjèèje ń jẹ́, Stéfánù àti Fílípì wà lára wọn. Ó jọ pé àárín àwọn tí ó kùn gan-an ni a ti yan àwọn tí yóò pín oúnjẹ. Ẹ̀yin alága, ẹ gbọ́ èyí: ẹni tí ń béèrè ìbéèrè jù nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ má lé e. Ẹ fi í sínú ìgbìmọ̀ tí ń yẹ ìwé wò.

Bí ilẹ̀ Júù bá jìnnà sí yín, Agége kò jìnnà. Ní 1901, Jacob Kehinde Coker wà nínú àwọn aṣáájú tí ó kúrò ní ìjọ St. Paul's, Breadfruit, ní Èkó, nítorí ohun tí a ṣe sí àlùfáà wọn, James Johnson. Láti inú ìyapa yẹn ni African Church ti jáde. N kì í ṣe onídàájọ́ wọn, wọ́n ní ẹ̀dùn ọkàn. Ṣùgbọ́n Coker yìí kan náà dá oko kòkó ńlá sí Ìfàkò, lẹ́bàá Agége, àti ní 1907, òun pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Agege Planters' Union sílẹ̀. Àwọn lébìrà tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá ṣiṣẹ́ ní àwọn oko Agége kọ́ bí a ti ń gbin kòkó, wọ́n sì mú ìmọ̀ náà padà sí ìlú wọn nílẹ̀ Yorùbá. Òróró náà dé etí aṣọ. Àwọn tí ó mọ bí ìyapa ti ń dunni kò fi ìyapa nìkan ṣe iṣẹ́ ayé wọn.

Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, a ti mọ èyí tipẹ́. Àwọn 28 tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 1844, kì í ṣe ọmọ ìjọ kan ṣoṣo. Nígbà tí àjọ àwọn alájẹṣẹ́kù àgbáyé sì kó ìlànà wọn jọ ní Paris ní 1937, wọ́n fi í sínú rẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ má ṣe gbè sẹ́yìn ẹ̀sìn kan. Ẹgbẹ́ kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sì í ṣe mọ́ṣáláṣí. Síbẹ̀ ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀ bóyá ohun tí a gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí wọ̀ wá lára.

Nítorí náà, ohun 4 ni mo bẹ̀ yín kí ẹ ṣe. Èkíní, kí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé kúrú, kí Kristẹni àti Mùsùlùmí máa gbà á fún ara wọn, kí ó má sì gba àyè ìròyìn akápò. Èkejì, kí a máa ka orúkọ ẹ̀yáwó tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá àti iye owó onídùúró tí ó há, ní ìpàdé gbogbo, ní èdè Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ onídùúró rẹ̀. Bí kò bá lè san tán, kí ó bá a ṣe àdéhùn lójú ẹlẹ́rìí. Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ tí ó bá ń rò pé òun fẹ́ pín pe aláyẹ̀wò kí ó tó kọ̀wé, kí a jọ tú ìwé owó wò láti mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹni tí ó jẹ gbèsè kan tí ó sì wà níbí, ìyá eléèlùbọ́ rẹ lè wà ní ìlà kejì sí ọ. Kí ìpàdé tó túká, dìde kí o lọ bá a. Ọlọ́run yóò fi ìrẹ́pọ̀ sáàárín wa o.