Ọ̀nà Méjì Tí Ẹ̀jẹ̀ Ń Gbà Dé Ẹ̀dọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí àwa ìgbìmọ̀ ètò ìlera sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́)



Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé àwọn kan láàárín wa ń gba ìwé láti ọsibítù pé kí wọ́n wá ya àwòrán ẹ̀dọ̀ nínú ẹ̀rọ CT. Bí wọ́n bá gbọ́ pé abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ẹ̀rù a bà wọ́n, wọn a sì jókòó sílé.

Nǹkan bíi lítà kan ààbọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ń gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀nà méjì ló ń gbà wọlé. Nǹkan bí ìdá 75 nínú 100 ń ti ọ̀nà ìfun wá. Ìyókù ń ti ọ̀dọ̀ ọkàn wá tààrà. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti le gbagidi nítorí ọtí tàbí àrùn hẹpatáítìsì, ẹ̀jẹ̀ ìfun kì í rọ́nà kọjá dáadáa mọ́, ìpín ti ọkàn a sì pọ̀ sí i. Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ náà, ọ̀nà ti ọkàn ló sábà máa ń gbà mu ẹ̀jẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ni abẹ́rẹ́ náà ń fi hàn. Àyódíìnì wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó bá gbé e a sì funfun nínú àwòrán. Wọn á fi sí iṣan apá, ẹ̀rọ á sì ya ibì kan náà ní àyàtúnyà. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30, ẹ̀jẹ̀ ti ọkàn ti dé. Ní nǹkan bí 70, ti ìfun dé. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sábà máa ń tètè funfun, a sì tètè ṣú. Bí àwòrán bá pọ̀ tó, kọ̀ǹpútà lè ṣírò iye ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé láti ọ̀nà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe àjèjì: ní London níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi èyí tí Godfrey Hounsfield ṣe ya orí aláìsàn ní 1971.

Bí abẹ́rẹ́ bá wọlé, ara lè móoru, ó sì lè dà bíi pé ènìyàn tọ̀ sára. Kò tọ̀ o. Kò ní pẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn ṣáájú bí kíndìnrín yín kò bá dá ṣáṣá, bí ẹ bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, bí ẹ bá lóyún, tàbí bí irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ti yọ yín lẹ́nu rí. Ẹ má dá oògùn kankan dúró fúnra yín. Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá yọ̀ mọ́ Màmá lẹ́nu, ẹ bèèrè ògbufọ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Hẹpatáítìsì B wọ́pọ̀ ní ilé, ó sì lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹni tí kò bá ní in lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹni tó bá ní in, kí dókítà máa ṣọ́ ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹni tí ìwé bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, kó má fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ire o.