Tábúlẹ́ẹ̀tì Wo Ni Ó Yẹ fún Iṣẹ́ Ojoojúmọ́?

(Ọ̀rọ̀ ìtọ́ni fún àwọn ọ̀dọ́ àti ọmọ ẹgbẹ́ ní agbègbè Ìkòtún)

Ọ̀rọ̀ tí ó délẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá gba oríta Ìkòtún kọjá, tí ó sì wọ inú ọjà lọ, yóò rí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́tùn-ún lósì. Oríṣiríṣi ni ó wà níbẹ̀: tuntun àti tòkunbọ̀, olórúkọ àti aláìlórúkọ. Gbogbo wọn ni ó ń dán yanran. Ṣùgbọ́n òbí tí ó ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti inú èrè ata tàbí aṣọ tí ó ń tà kò lè ra méjì. Bí ó bá ṣi èyí kan ṣoṣo tí agbára rẹ̀ ká yàn, owó ọ̀pọ̀ oṣù ti wọmi nìyẹn, ọmọ tí ó ń retí ohun èlò ẹ̀kọ́ yóò sì máa wo ẹ̀rọ tí kò wúlò. Láti oṣù June ọdún 2023 tí ìjọba ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu, owó ọjà tí ó ń ti òkè òkun wá ti lọ sókè gan-an. Nítorí náà, àṣìṣe lórí irú ọjà báyìí kì í ṣe àṣìṣe kékeré.

Iṣẹ́ ni a kọ́kọ́ ń wò

Ọdún 2010 ni òkìkí tábúlẹ́ẹ̀tì kan káàkiri ayé. Ní ọdún náà ni Apple gbé iPad jáde, tí Samsung sì gbé Galaxy Tab, tí ó ń lo Android, jáde. Ilẹ̀ Adúláwọ̀ náà kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 2010 kan náà ni ilé iṣẹ́ Encipher, tí Saheed Adepoju jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀, gbé Inye jáde ní Nàìjíríà. Android ni òun náà ń lò. Ní ọdún 2012, Vérone Mankou ti Congo-Brazzaville gbé Way-C tirẹ̀ kalẹ̀.

Èyí tí ó sún mọ́ ilé jù lọ ni Ọpọ́n Ìmọ̀, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá fi lọ́lẹ̀ ní ọdún 2013 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà. Ìjọba náà pinnu láti pín 150,000. Ìwé ẹ̀kọ́ lórí iṣẹ́ 17 àti àwọn ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ni wọ́n kó sínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó lè kà wọ́n. Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ètò náà fún ẹni tí ó bá fẹ́ ra tábúlẹ́ẹ̀tì lónìí. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ẹ̀rọ ṣe ni wọ́n fi ṣáájú, ẹ̀rọ ni ó tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lóde òní ni ó ń yí i padà: wọn a ra ẹ̀rọ tán kí wọ́n tó máa wá iṣẹ́ tí yóò ṣe fún wọn.

Ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó tẹ ìránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ó sì pe àwọn oníbàárà rẹ̀, kò nílò tábúlẹ́ẹ̀tì. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ tó o. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka ìwé gígùn, tí ó ń wo ẹ̀kọ́ lórí fídíò, ni ó nílò ojú ẹ̀rọ tí ó fẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ń ka Alùkùránì àti ìtumọ̀ rẹ̀, tàbí oníṣòwò tí ó ń kọ ìṣirò ọjà rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra sílẹ̀ fún JAMB mọ èyí: láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò náà ti wà lórí kọ̀ǹpútà, bọ́tìnnì ni wọ́n sì ń tẹ̀ níbẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì dára fún kíka ìwé àti ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò bá tíì mọ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà yóò lọ́ra ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó yẹ kí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ wá ibi tí yóò ti fi kọ̀ǹpútà dánra wò pẹ̀lú.

Ohun márùn-ún tí ó yẹ ní yíyẹ̀wò

Èkínní ni ojú ẹ̀rọ. Kì í ṣe fífẹ̀ nìkan ni ó ṣe pàtàkì. Bí àwòrán àti lẹ́tà ṣe mọ́ kedere sí ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ń ka Lárúbáwá mọ̀ pé àwọn àmì kéékèèké orí lẹ́tà ni ó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹni tí ó bá ń ka Yorùbá mọ̀ pé àmì ohùn àti ẹ̀sẹ̀ ìsàlẹ̀ lẹ́tà ṣe kókó. Ojú ẹ̀rọ tí kò bá mọ́ kedere yóò máa da àwọn àmì wọ̀nyí pọ̀ mọ́ ara wọn. Kí olùrà ṣí ìwé kan tí ó ní irú àmì bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kí ó sì kà á kí ó tó sanwó.

Èkejì ni RAM àti àyè ìpamọ́. RAM ni ó dà bí tábìlì tí a ti ń ṣiṣẹ́; àyè ìpamọ́ ni ó dà bí àpótí tí a ń kó ẹrù sí. Fún iṣẹ́ ojoojúmọ́ lónìí, kí RAM má ṣe dín sí 4GB, kí àyè ìpamọ́ má sì dín sí 64GB, nítorí Android fúnra rẹ̀ àti àwọn áàpù tí ó bá ẹ̀rọ wá ti gba apá kan nínú àyè náà kí ẹni tí ó rà á tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹ̀rọ tí ó ní ojú ihò fún mẹ́mórì káàdì sàn ju èyí tí kò ní lọ, nítorí a lè kó ìwé àti fídíò sórí káàdì láìná dátà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀kẹta ni bátìrì. Àwọn ilé iṣẹ́ iná pín oníbàárà sí ìsọ̀rí láti A dé E. Ìsọ̀rí A ni wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́. Ìlérí ìsọ̀rí E kò ju wákàtí 4 lọ. Ẹni tí àdúgbò rẹ̀ bá wà ní ìsọ̀rí ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú bátìrì. Kí ó sì ṣírò pọ́wà báǹkì mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n kọ 20,000mAh sí lára kì í gbé gbogbo rẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ. Bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan ni ó máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Èyí tí ó kù, bíi 13,000mAh, yóò gba agbára fún tábúlẹ́ẹ̀tì tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 7,000mAh ní nǹkan bí ìgbà méjì.

Ẹ̀kẹrin ni síìmù. Ẹ̀rọ kan náà lè wà ní oríṣi méjì: ọ̀kan gba síìmù, èkejì kò gbà, Wi-Fi nìkan ni ó ń lò. Èyí tí kò gba síìmù sábà máa ń dínwó. Ẹni tí ó ní fóònù tí ó lè pín dátà fún un lè fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọmọ tí yóò máa lo ẹ̀rọ nígbà tí òbí ti gbé fóònù lọ sí ọjà kò ní rí dátà lò.

Ẹ̀karùn-ún ni ọjọ́ orí Android tí ó wà nínú rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, WhatsApp kò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí Android tí ó bá lọ sẹ́yìn ju ìkarùn-ún lọ. Tábúlẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lè mọ́ lára bí tuntun, kí áàpù tí a tìtorí rẹ̀ rà á sì kọ̀ láti wọlé.

Fífi èyí wé èyí

Kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ẹ jẹ́ kí àpẹẹrẹ díẹ̀ wáyé. Samsung gbé Galaxy Tab A9 àti Tab A9+ jáde ní ọdún 2023. Ojú A9 jẹ́ íǹṣì 8.7, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,100mAh. Ojú A9+ jẹ́ íǹṣì 11, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 7,040mAh, lẹ́tà sì mọ́ kedere lójú rẹ̀ ju ti A9 lọ. Àwọn méjèèjì ní ojú ihò mẹ́mórì káàdì, méjèèjì sì ní oríṣi tí ó ń gba síìmù. Ní ọdún 2023 yìí kan náà ni Xiaomi gbé Redmi Pad SE jáde: ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 11, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 8,000mAh, àyè ìpamọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 128GB, ṣùgbọ́n kò gba síìmù.

Kò sí èyí tí ó borí pátápátá nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ó ń wọ dáńfó láti Ìkòtún lọ sí Ìkẹjà lójoojúmọ́, tí ó fẹ́ kí ẹ̀rọ wọ inú báàgì kékeré láìhàn sí olè, A9 tí ó kéré yẹ ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń jókòó kàwé nílé, tí kò sì sí ẹni tí yóò pín dátà fún un, kí ó wo A9+ tí ó gba síìmù. Ilé tí Wi-Fi wà, tí iná kò sì dúró ire, bátìrì Redmi yóò wúlò fún wọn ju ti àwọn yòókù lọ. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn tí ó jáde lẹ́yìn wọn ń bẹ lọ́jà. Ọ̀nà kan náà ni kí a fi yẹ̀ wọ́n wò.

Àwọn Amazon Fire tòkunbọ̀ náà wà lórí àtẹ. Láti ara Android ni wọ́n ti ṣe ohun tí ó ń darí wọn, ṣùgbọ́n Google Play kò bá wọn wá. Bí ó ti wù kí ó dínwó tó, kí ẹni tí kò bá mọ̀ nípa ẹ̀rọ ṣọ́ra fún un.

Ẹ̀tàn tí ó wà lára páálí

Ohun tí wọ́n kọ sára páálí kọ́ ni ó máa ń wà nínú ẹ̀rọ nígbà gbogbo. Ẹ̀rọ lè gbé "8GB + 8GB" sójú páálí. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ni RAM gidi. Èyí tí wọ́n fi kún un, àyè ìpamọ́ ni wọ́n yá lò, kò sì lè yá bí RAM. Àwọn aláìlórúkọ mìíràn tilẹ̀ ń kọ iye tí kò sí rárá. Kí olùrà ṣí Google Play ní ṣọ́ọ̀bù, kí ó wọ inú ètò rẹ̀, kí ó wo bóyá ó kọ ọ́ pé Google fọwọ́ sí ẹ̀rọ náà. Kí ó gba áàpù bíi CPU-Z sórí rẹ̀ kí ó fi wo RAM rẹ̀. Kí ó wo nọ́ńbà IMEI inú ẹ̀rọ tí ó ń gba síìmù, kí ó fi wé ti ara páálí.

Ewu tí ó ju ti owó lọ tún wà. Ní ọdún 2023, ilé iṣẹ́ HUMAN Security tú àṣírí BADBOX: àwọn ọ̀daràn ti fi ètò ìjàǹbá sínú àwọn ẹ̀rọ Android olówó pọ́ọ́kú kan kí wọ́n tó dé ọwọ́ ẹni tí ó rà wọ́n. Ẹni tí ó bá ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wo owó rẹ̀ ní báǹkì, ilé olè ni ó ti ń ka owó.

Ní ti tòkunbọ̀, ohun méjì ni ó ń bani lẹ́rù jù: bátìrì tí ó ti gbó, àti ẹ̀rọ tí orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ kan ní òkè òkun ṣì wà lórí rẹ̀. Irú èyí yóò ti ara rẹ̀ pa ní ọjọ́ tí wọ́n bá tún un tò. Kí olùrà ní kí wọ́n tún un tò pátápátá lójú òun, kí ó sì dúró títí ojú ẹ̀rọ yóò fi ṣí láìbéèrè orúkọ ẹlòmíràn.

Ẹrù tí ó wà lọ́rùn ẹni tí ó ń tà

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń ta fóònù ní Ìkòtún, ní Ìdímù, ní Ìgàndò tàbí ní Computer Village ní Ìkẹjà. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, sọ ọ́ di dandan kí a jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ bí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí èyí tí a tún ṣe. Ó sì fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí ó pójú owó. Mùsùlùmí tí ó ń ṣòwò kò nílò kí òfin ìjọba tó sọ èyí fún un, nítorí pípa àléébù ọjà mọ́ lójú ẹni tí ó ń rà á kò bá ìgbàgbọ́ rẹ̀ mu. Ẹni tí ó ti dá bátìrì àlòkù sínú ẹ̀rọ, tí ó sì pè é ní tuntun, ti jẹ owó tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bákan náà ni kí ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ ní àwìn ka ìwé àdéhùn dáadáa. Bí èlé bá wà nínú rẹ̀, tí ó sì ń gorí ara wọn bí ọjọ́ ti ń lọ, sùúrù oṣù mélòó kan sàn ju gbèsè tí ó lè gùn ju ọjọ́ ayé ẹ̀rọ náà lọ.

Ní àkótán, kí ẹni tí ó ń lọ sí ọjà kọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe sórí ìwé. Kí ó wá olórúkọ tí Google fọwọ́ sí, tí RAM rẹ̀ tó 4GB, tí ó ní àyè ìpamọ́ 64GB àti ojú ihò káàdì. Kí ó yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹni tí ó ń tà á, kí ó gba rìsíìtì tí orúkọ ẹ̀rọ, nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ àdéhùn àtúnṣe wà lórí rẹ̀, kí ó sì tọ́jú páálí. Bí owó kò bá tíì tó èyí tí ó dára, kí ó fi kún un. Ọ̀bùn ra ọjà, ó ní ọ̀wọ́n ni kò jẹ́. Ọlọ́gbọ́n béèrè kí ó tó sanwó, ó sì ń lo ọjà rẹ̀ pẹ́.