Ìdí tí àárọ̀ kùtù fi le fún àyà wa ní Maiduguri

Lánàá, màmá kan nínú wa béèrè pé mọ́tò Maiduguri kò tó ti Èkó rárá, kí ló dé tí ikọ́ kò fi òun sílẹ̀ látìgbà tí òun ti kó wá síbí? Mo ní kí màmá fún mi di òní.

Ibì kan wà ní orílẹ̀-èdè Chad tí wọ́n ń pè ní Bodélé. Láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ju 700 kìlómítà lọ. Láyé àtijọ́, ìsàlẹ̀ adágún ni ibẹ̀, nígbà tí adágún Chad ṣì tóbi fíìfíì ju ti ìsinsìnyí lọ. Omi gbẹ, ó wá ku ẹrẹ̀ funfun tó fúyẹ́ bí ìyẹ̀fun. Òkè Tibesti wà lápá kan, òkè Ennedi wà lápá kejì, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á wá fún ara rẹ̀ gba àárín wọn, bí ìgbà tí èrò ń gba ẹnu ọ̀nà ọjà kan ṣoṣo. Ilẹ̀ tẹ́jú láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, kò sí igbó tó máa dá a dúró. Kódà nínú eruku yẹn náà ló ń sọdá òkun lọ balẹ̀ sí igbó Amazon ní Brazil! Ní Èkó, òjò ń fọ ojú ọ̀run, atẹ́gùn òkun sì ń gbá a. Níbí ńkọ́? Láti oṣù kẹwàá títí di oṣù karùn-ún, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀.

Eruku tó rí gbàǹgbà kọ́ ló burú jù, imú á mú ìyẹn. Èyí tó jẹ́ pé tí ẹ bá pín fífẹ̀ irun orí kan sí 30, kò ju ìdá kan lọ, òun ló ń wọlé dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró.

Kò sẹ́ni tó lè dí Bodélé. Àmọ́ èéfín wa ńkọ́? Ní oṣù kìíní, ọ̀sán ibí lè gbóná tó 32, kí òru bọ́ sí 13. Kò sí ìkùukùu tó máa bo ilẹ̀, ooru ilẹ̀ á sá lọ, atẹ́gùn tútù á sùn sísàlẹ̀, èyí tó gbóná á wà lókè rẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Ẹ wo èéfín pàǹtí láago mẹ́fà àárọ̀: á gòkè dé orí òrùlé, á wá nà gbalaja bí ẹní. Ibẹ̀ ni ọmọrí wà. Èéfín igi ìdáná, ti kẹ̀kẹ́, ti jẹnẹrétọ̀, gbogbo rẹ̀ ń bẹ lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú wa, títí oòrùn á fi ṣí i ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ sí mẹ́wàá.

Mi ò mọ èyí lọ́dún tó kọjá. Ọmọ iṣẹ́ mi kan, ọmọ ọdún 17, ikọ́ fée wà lára rẹ̀ láti kékeré, èmi ò sì béèrè nígbà tí bàbá rẹ̀ fà á lé mi lọ́wọ́. Aago mẹ́fà ni mo ní kó máa ṣí ṣọ́ọ̀bù. Á gbálẹ̀ gbígbẹ, á sun pàǹtí, á tan jẹnẹrétọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n pè mí pé ó jókòó sórí pèpéle, kò lè sọ̀rọ̀, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ọlọ́run ló yọ ọ́ ní ọsibítù. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ti pe bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo tọrọ àforíjì.

Ní báyìí, tí ọyẹ́ bá ti dé, aago mẹ́sàn-án kọjá ni mò ń ṣí. Omi la fi ń wọ́n ilẹ̀ ká tó gbálẹ̀, a kì í sun nǹkan kan, inhaler ọmọ náà wà nínú dúrọ́ọ̀ owó. Mo pàdánù oníbàárà àárọ̀ díẹ̀, mi ò ní purọ́. Lọ́jọ́ tí eruku Bodélé bá wá dé gan-an, tí ẹ ò rí òdìkejì títì, kò sí wákàtí tó dáa, ẹ lo ìbòmú, kí àwọn ọmọdé wà nínú ilé. Ẹ má sì gbàgbé abẹ́rẹ́ yínrùnyínrùn fún wọn: ọ̀fun tó gbẹ tó sì ti dá lójú eruku, àrùn yẹn kì í pẹ́ wọ ibẹ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń jà lókè ọya níbí.

Màmá, ṣé mo dáhùn? Ẹ fi ohùn sílẹ̀, màá gbọ́ ọ tí mo bá ráyè. Oníbàárà ti dúró sí mi lórí.